San Gimignano: Ìlú Tí Ilẹ̀ Kì Í Ṣú Bá Àlejò Mọ́

Ní ọdún 990, Sigeric, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Canterbury, rin ìrìn-àjò lọ sí Róòmù láti gba aṣọ oyè rẹ̀ lọ́wọ́ Póòpù. Nígbà tó ń padà sílé, ẹnì kan ń kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti dúró sílẹ̀, láti Róòmù títí dé etí òkun tó dojú kọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ bí 80 ló wà nínú ìwé náà. Kò sọ ohun tí wọ́n jẹ, kò sọ ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, kò sọ bóyá òjò pa wọ́n. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìtàn rí bíi tèmi á mọ̀ pé irú ìwé gbígbẹ báyìí ló máa ń wúlò jù. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti Róòmù, orúkọ kọkàndínlógún ni San Gimignano, ìlú kékeré kan lórí òkè ní agbègbè Tuscany, ilẹ̀ Ítálì.

Láti orúkọ kan dé èkejì nínú ìwé yẹn, ó jẹ́ ìwọ̀n ibi tí ènìyàn lè rìn dé kí ilẹ̀ tó ṣú, nǹkan bíi kìlómítà 20. Ohun tó mú orúkọ ìlú kan wọ inú ìwé Sigeric ni pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ṣú bá a sí. Ìlú tí ilẹ̀ bá ń ṣú bá àlejò sí kò lè ṣàìní ibùsùn, omi, oúnjẹ, koríko fún ẹṣin, ẹni tí yóò bá wọn tún bàtà ṣe, àti àlùfáà tí yóò gbàdúrà fún ẹni tí kò lè dìde mọ́ láàárọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó ibùsùn yìí wà lára ohun tó kọ́ San Gimignano.

Lónìí, ìrìn-àjò ọjọ́ kan náà làwọn ènìyàn ń bá lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ilẹ̀ ń ṣú bá wọn sí.

Ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Florence. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà nígbà tí oòrùn bá ń mú lọ́hùn-ún. Florence sí San Gimignano kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń kó arìnrìn-àjò afẹ́ ti so ó mọ́ Siena, wọ́n sì ti so méjèèjì mọ́ Pisa, kí ènìyàn lè rí ìlú mẹ́ta láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́ kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀sì á já wọn sí ìsàlẹ̀, nítòsí Porta San Giovanni, ibodè tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1262. Amọ̀nà á gbé agbòòrùn sókè kí wọ́n má bàa sọnù. Àwọn mìíràn á fi ohun kékeré kan sí etí, wọ́n á máa gbọ́ ohùn amọ̀nà nínú rẹ̀. Wọ́n á fún wọn ní wákàtí kan àbọ̀, bóyá méjì. Wọ́n á gba Via San Giovanni gòkè, wọ́n á kọjá níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta báàgì awọ àti ẹran ìmàdò gbígbẹ, àti ilé kan tí wọ́n ti ń fi irin tí wọ́n fi ń dá ènìyàn lóró láyé àtijọ́ han àlejò, tí wọ́n sì ń gba owó ẹnu ọ̀nà lé e. (N kò wọ ibẹ̀ rí, n kò sì ní wọ ibẹ̀.) Wọ́n á dé gbàgede Piazza della Cisterna, níbi tí kànga ìlú wà, èyí tí wọ́n gbẹ́ ní 1273 tí wọ́n sì mú fẹ̀ sí i ní 1346. Wọ́n á tò fún yìnyín dídùn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wo aago. Ó tán.

N kò bá wọn wí. Ọwọ́ amọ̀nà kọ́ ni aago wà, ọwọ́ ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ni. Mo ti bá obìnrin kan nínú wọn sọ̀rọ̀, ọmọ ìlú náà gan-an ni, ó sì mọ ìtàn ìlú rẹ̀ ju bí àkókò ṣe jẹ́ kó lè sọ ọ́ lọ.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn Sigeric tí ọ̀nà yẹn, tí wọ́n ń pè ní Via Francigena, fi kún fún ènìyàn. Àwọn tó ń lọ jọ́sìn ní ibojì Peteru àti Pọ́ọ̀lù ń gba ibẹ̀, oníṣòwò ń tẹ̀ lé wọn, ọmọ ogun náà ń kọjá. San Gimignano ní ohun mìíràn tó ń tà yàtọ̀ sí ibùsùn: sáfúrónì, òdòdó tí wọ́n ń ṣa okùn pupa inú rẹ̀ kí wọ́n tó sá a gbẹ, tí wọ́n ń fi sí ọbẹ̀, tí wọ́n ń fi pa aṣọ láró, tí wọ́n sì ń fi ṣe oògùn. Òdòdó rẹpẹtẹ ló ń mú ìwọ̀nba díẹ̀ wá, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Ó wọ́n débi pé ní ọdún 1228, nígbà tí ìlú jẹ gbèsè nítorí ogun tí wọ́n fi dó ti ilé olódi kan, sáfúrónì ni wọ́n fi san apá kan nínú gbèsè náà. Àwọn oníṣòwò wọn ń gbé e gba Pisa kọjá sí òkè òkun, títí dé ìhà ilẹ̀ Lárúbáwá.

Ní 1199 wọ́n ti gba ara wọn lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù Volterra tó ń ṣàkóso wọn, wọ́n sì di ìlú olómìnira. Àrà kan wà nínú ìjọba wọn tó máa ń wù mí láti sọ. Ẹni tó ń ṣolórí ìdájọ́ àti ìṣàkóso, podestà ni wọ́n ń pè é, wọn kì í mú un láàárín ara wọn. Ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń lọ wá a, wọ́n á gbà á síṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìgbà rẹ̀ á pé, á sì máa lọ. Wọ́n mọ ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé bí ọmọ ìlú bá jókòó sórí àga yẹn, ìdílé rẹ̀ ni yóò jókòó pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdílé yìí ló sì kọ́ àwọn ilé ìṣọ́ tí gbogbo ayé ń wá wò. Ìtàn ìlú sọ pé wọ́n tó 72 nígbà kan. Nǹkan bíi 14 ló ṣẹ́ kù lónìí. Ẹni tó bá ń wò wọ́n láti ojú ọ̀nà á rò pé ààfin ni wọ́n. Kó lọ súnmọ́ wọn wò. Ògiri nípọn, àyè inú rẹ̀ kéré, fèrèsé kò tó ohun tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Àwọn ihò onígun mẹ́rin tó wà lára ògiri níta, ibẹ̀ ni wọ́n ń ti igi bọ̀ láti fi so bákónì pákó mọ́ ọn, àkàsọ̀ ni wọ́n sì ń gùn wọlé. Bí ìjà bá dé, wọ́n á fa àkàsọ̀ sókè. Àwọn amọ̀nà kan máa ń sọ pé aṣọ tí wọ́n fi sáfúrónì pa ni wọ́n ń sá sínú ilé ìṣọ́ kí eruku má bàa bà á. Bóyá wọ́n sá a níbẹ̀ lóòótọ́, n kò lè bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í gbé òkúta ga tó bẹ́ẹ̀ nítorí aṣọ. Nílé wa níbí, ta ni kò mọ ẹni tó fi àjà kẹta lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ nítorí pé aládùúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àjà kejì, tó fi jẹ́ pé ẹyẹlé nìkan ló ń gbé òkè?

Ìdílé méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú ọ̀ràn yìí, Ardinghelli àti Salvucci. Àwọn Ardinghelli wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ Guelfi, tó ń ti Póòpù lẹ́yìn. Àwọn Salvucci wà lẹ́yìn Ghibellini, tó ń ti ọba ńlá àwọn ará Jámánì lẹ́yìn. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìjà Póòpù àti ọba yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láti inú ìwé, kò sì yé èmi fúnra mi dáadáa títí mo fi dúró ní gbàgede yẹn tí mo rí bí ilé àwọn méjèèjì ṣe súnmọ́ra. Ẹni tó bá wúkọ́ lórí ilé ìṣọ́ yìí, wọ́n á gbọ́ ọ lórí tọ̀hún. Ọ̀rọ̀ Póòpù jìnnà. Ọ̀rọ̀ ta ló ga ju ta lọ ló wà nílẹ̀.

Ìjọba rí i. Ní 1255 wọ́n ṣòfin pé kò sí ilé ìṣọ́ aládàáni kankan tó gbọ́dọ̀ ga ju Torre Rognosa, ilé ìṣọ́ ààfin podestà, tó ga tó nǹkan bíi mítà 51. Wọ́n ní àwọn Salvucci ronú lé e lórí, wọ́n sì kọ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: kò sí èyí tó ga ju ti ìjọba lọ, àmọ́ ẹni tó bá kó gíga méjèèjì pọ̀ á mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba ìlú náà bọ́ sínú ìdíje ọ̀hún. Wọ́n parí Torre Grossa ní 1311, mítà 54, òun ló ga jù títí dòní, òun náà sì ni wọ́n ń jẹ́ kí àlejò gùn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 200. Mo gùn ún nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn.

Nínú ààfin tó wà ní ìsàlẹ̀ Torre Grossa yìí ni gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n ń pè ní gbọ̀ngàn Dante. Ní ọdún 1300, Florence rán Dante Alighieri wá bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè dara pọ̀ mọ́ àwọn Guelfi ìlú Tuscany yòókù. Aṣojú ìlú ni lọ́jọ́ náà. Ewì ńlá tó sọ ọ́ di ẹni àgbáyé kò tíì jáde. Láàárín ọdún méjì, àwọn ará Florence kan náà tó rán an níṣẹ́ ti lé e kúrò nílùú. Ọdún 1300 yìí kan náà ni Póòpù Boniface Kẹjọ kéde ọdún Júbílì àkọ́kọ́, tí ọ̀nà Róòmù sì kún fún ènìyàn. Bí mo bá fẹ́ mú ọdún kan tí orí San Gimignano gbé e dé òkè téńté, òun ni màá mú.

Ẹ jẹ́ ká tún ya ibi ìwòsàn wọn wò, nítorí àwọn àlejò ọjọ́ kan kì í débẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Fina, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ láti kékeré, ó sì ní orí pákó igi óákù ni òun yóò máa sùn. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1253, kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 15 lọ. Wọ́n ní òdòdó hù lára pákó náà, ó sì hù lára àwọn ilé ìṣọ́. Títí di báyìí, òdòdó kan máa ń yọ láàárín òkúta wọn ní oṣù Kẹta, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ọrẹ tí ènìyàn kó wá síbi ibojì rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn Santa Fina, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn àti àwọn tó ń lọ sí Róòmù. Ilé oògùn rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn ìkòkò oògùn náà ṣì wà nínú ilé tí wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí.

Àjàkálẹ̀ àrùn wọlé ní 1348. Ó kó ìdílé lódindi. Àwọn tó ṣẹ́ kù kò sì jáwọ́ nínú ìjà Ardinghelli àti Salvucci. Nígbà tó di 1353, wọ́n fi ara wọn àti ìlú wọn lé Florence lọ́wọ́. Ọ̀nà pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sílẹ̀: àwọn oníṣòwò ń gba ìsàlẹ̀ àfonífojì odò Elsa, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, dípò kí wọ́n máa gun òkè. Bí ọ̀nà ṣe yà báyìí, ilẹ̀ kò ṣú bá ẹnikẹ́ni lórí òkè mọ́.

Ní àwọn ìlú tó lówó, bíi Florence, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé ìṣọ́ wọn tàbí kí wọ́n gé wọn kúrú, wọ́n fi òkúta wọn kọ́ ààfin tuntun. San Gimignano kò ní owó tí yóò fi wó tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún sọ lẹ́nu amọ̀nà, àwọn àlejò sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n nǹkan bí 500 ọdún ni àwọn ọmọ ènìyàn fi gbé inú àìní yẹn.

Síbẹ̀, kò jọ pé ohun gbogbo kú. Ní nǹkan bí 1464, nígbà tí àrùn tún ń jà ní Florence, ayàwòrán Benozzo Gozzoli wá síbẹ̀. Ó ya Sebastian Mímọ́ sára ògiri ìjọ Sant'Agostino, tó na aṣọ rẹ̀ bo àwọn ará ìlú kí ọfà àrùn má bàa bà wọ́n. Òun náà ló ya ìtàn ìgbésí ayé Augustine Mímọ́ yí ẹ̀yìn pẹpẹ ká, àwòrán 17. Ìjọ yìí wà ní ìparí ìlú, lódìkejì ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí. Wákàtí kan àbọ̀ kò gbé ènìyàn débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bínú sí aago.

Ọmọ Áfíríkà ni Augustine. Tagaste ni wọ́n bí i sí ní ọdún 354, Souk Ahras ni wọ́n ń pè é lónìí ní ilẹ̀ Àlùjíríà. Hippo, tó di Annaba báyìí, ló ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 430. Àwa tí a dàgbà nínú Ìjọ Àgùdà mọ orúkọ rẹ̀ àti ti Monica ìyá rẹ̀ dáadáa. Mélòó la kà nínú àwọn obìnrin ìjọ wa tó ń jẹ́ Monica! Gozzoli kò dé Áfíríkà rí, nítorí náà Tagaste tó yà dà bí ìlú Tuscany, aṣọ Tuscany ni gbogbo wọn wọ̀. N kò jẹ́ kí ìyẹn dí mi lọ́wọ́, nítorí àwòrán àkọ́kọ́ gan-an ló mú mi. Ọjọ́ tí àwọn òbí Augustine mú un lọ sí ilé-ìwé ni. Olùkọ́ kan ń kí i káàbọ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ẹgba wà lókè, ìdí ọmọ kan sì wà níta gbangba. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń ṣọ́ ìjọ bojú wò mí. Mo ti lo pàṣán láyé mi, n kò sì mọ̀ pé a ti fi irú mi sára ògiri ìjọ láti nǹkan bí 560 ọdún.

Ta ló wá dá àwọn ènìyàn padà síbẹ̀? Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1841, oníwàásù Onítẹ̀bọmi kan tó ń jẹ́ Thomas Cook kó ènìyàn bí 500 sínú ọkọ̀ ojú irin láti Leicester lọ sí Loughborough, ṣílè kọ̀ọ̀kan lórí, láti lọ ṣe ìpàdé tí wọn yóò ti máa kìlọ̀ fún ayé nípa ọtí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n lọ tí wọ́n bọ̀. Nígbà tó di 1864, ó ti ń kó wọn dé Ítálì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń gbé ìwé amọ̀nà pupa Baedeker lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. E. M. Forster wà nínú àwọn tó wá. Ìlú tó pè ní Monteriano nínú ìwé ìtàn rẹ̀ ti 1905, San Gimignano ni. UNESCO fi orúkọ ìlú náà sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 1990. Ọmọ ọmọ mi ò mọ ọ̀kan nínú gbogbo ìyẹn. Géèmù Assassin's Creed ló ti mọ àwọn ilé ìṣọ́ náà, ó sì sọ fún mi pé, "Màmá àgbà, mo ti gun eléyìí láti ìta."

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ Cook ni pé ìrìn-àjò ọjọ́ kan tó dá sílẹ̀ nítorí àtitako ọtí, orí tábìlì ọtí ni púpọ̀ nínú wọn ń parí sí ní agbègbè yìí. Vernaccia, wáìnì funfun San Gimignano, ni wáìnì àkọ́kọ́ tí ìjọba Ítálì fún ní òǹtẹ̀ DOC, ní 1966. Wọ́n á da díẹ̀ sínú ife, amọ̀nà á sọ irú òkúta tó wà nínú ilẹ̀ àjàrà náà, wọ́n á ra ìgò méjì, bọ́ọ̀sì á fun fèrè.

Ẹni tó bá sùn síbẹ̀ ń san owó orí alẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ìjọba ìlú, lórí owó òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá jẹ yìnyín tó sì lọ kò san án. Mo ti jókòó ní gbàgede ní nǹkan bí agogo méje alẹ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ti lọ. Àwọn tó ń kí ara wọn nígbà yẹn ni àwọn tó ni ìlú: obìnrin kan ń bú ọkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ọkùnrin méjì ń jiyàn bọ́ọ̀lù, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù báàgì ń ka owó rẹ̀ tó ń mí kanlẹ̀. Ó ní òun ò lè bá àwọn tó ń wá ní ọ̀sán jà, òun ló ń jẹ lára wọn, ṣùgbọ́n ilé tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù òun, àlejò ni wọ́n fi ń háyà báyìí, ọmọ òun sì ti kó lọ sí ìsàlẹ̀ ní Poggibonsi.

Ní 1994, Ìgbìmọ̀ Yúróòpù sọ Via Francigena di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà àṣà ilẹ̀ wọn. Wọ́n ti tún un sàmì, àwọn ènìyàn sì ti ń rìn ín padà, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn àti ìwé kékeré kan tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí níbi tí wọ́n bá ti sùn. Láti Gambassi Terme dé San Gimignano jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 13. Láti San Gimignano lọ sí Monteriggioni lé ní 30, òkè àti ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí bí ẹlẹ́sẹ̀ ṣe lè so méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan láìgba ìyà, nítorí náà wọ́n ń sùn, gẹ́gẹ́ bí ti Sigeric. Àwọn nọ́ọ̀nù ń gbà wọ́n sílé. Ọmọ ọmọ mi ní òun máa rin apá ti Monteriggioni lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ rìn láti ilé dé ibùdó ọkọ̀ láìbẹ bàbá rẹ̀ pé kó fi mọ́tò gbé òun.